Òpó Isokichi Tó Dorí Kodò

Òtítọ́ pọ́ńbélé ni mo fẹ́ sọ yìí. Bí mo bá purọ́, kí eyín méjì tó kù lẹ́nu mi bọ́ sínú ọbẹ̀ mísò.

Isokichi ni ọ̀gá àwọn káfíńtà tó ń kọ́ tẹ́ńpìlì ládùúgbò wa. Á ki igi bọ igi láìlo ìṣó, abẹ́rẹ́ ò ní ráàyè láàárín wọn. Ṣùgbọ́n ó gbéra ga. Bí igi ṣe dúró nínú igbó là ń gbé òpó nàró, ìdí nísàlẹ̀. Òun nìkan ló sì ń fi tàdáwà sàmì sí ìdí igi. Bí ẹlòmíì bá fọwọ́ kan búrọ́ọ̀ṣì, á ní, "Ìwọ tó ò mọ ìdí ara rẹ, ìdí igi lo fẹ́ mọ̀?"

Lọ́jọ́ tí a gbé igi àjà gun òrùlé, àwọn tó wà lókè ń ju àkàrà ìrẹsì sí àwa tó wà nílẹ̀, bí àṣà ìkọ́lé wa. Ọ̀kan ba Isokichi lórí. Ó gbójú sókè láti bú ẹni tó jù ú, ló bá rí òpó àárín: gbogbo ojú ibi tí ẹ̀ka ti yọ ló kọjú sísàlẹ̀. Òpó náà dorí kodò.

Kò ṣeé yọ. Àwọn igi náà ti gbé ara wọn mì. Àlùfáà tẹ́ńpìlì náà rí i, ó ní àwọn baba ńlá wa a máa mọ̀ọ́mọ̀ dorí òpó kan kodò, torí ohun tó bá pé tán, ìbàjẹ́ ló kù. Ó ní ìrẹ̀lẹ̀ Isokichi pọ̀. Isokichi fẹ́ jẹ́wọ́, ṣùgbọ́n ojú tì í. Ó tẹrí ba. Bí ìtìjú ṣe ń tẹ orí rẹ̀ mọ́lẹ̀ ni à ń sọ pé ẹ wo ìrẹ̀lẹ̀.

Látìgbà náà, kì í gba iwájú tẹ́ńpìlì mọ́. Inú omi oko ìrẹsì ló ń gbà lọ ra tófù tí yóò jẹ.

Ọdún gorí ọdún, Kanbei, tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, rí tẹ́ńpìlì tirẹ̀ kọ́. Ó pe ọ̀gá rẹ̀ wá, ó sọ níwájú àwọn òṣìṣẹ́ pé òun náà yóò dorí òpó kan kodò láti fi bọlá fún un.

"Má ṣe é," ni Isokichi wí. "N ò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Orí igi ni mo fi àmì ìdí sí."

Kanbei rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin náà, ọ̀gá. Ìrẹ̀lẹ̀ yín yìí ti fẹ́ di àrùn."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Isokichi lọ jókòó lórí òpó tó wà nílẹ̀, ó fọwọ́ bojú bí ọmọdé tó tọ̀ sára. "Ẹ yìn mí, mo gbà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìtìjú mi kọ́lé mìíràn."

Ẹ̀rín tán. Kanbei kúnlẹ̀, ó fi búrọ́ọ̀ṣì tàdáwà sí i lọ́wọ́. Isokichi wo igi náà, ó tún un wò, ó wá bẹ Kanbei pé kó bá òun wò ó, kí òun tó sàmì.

Òótọ́ ni gbogbo ẹ̀. Àkàrà ìrẹsì yẹn nìkan ni kò bà á lórí. Èmi ni mo gbá a mú, mo sì jẹ ẹ́.