Máàpù Ìjì Lọ́wọ́ Àǹtí Ionie

Àǹtí Ionie ò fẹ́ràn fóònù rárá. Ewúrẹ́ rẹ̀ àti ẹja yíyan ló mọ̀. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ bá òun sọ̀rọ̀, kó fẹsẹ̀ rìn wá sílé. Ṣùgbọ́n ó wá ṣe iṣẹ́ abẹ orúnkún ní Grenada, ìjì líle dìde lójú òkun, ọkọ̀ ojú omi ò ná Carriacou, erékùṣù wa, mọ́, ló bá há sọ́dọ̀ mi. Ọkọ rẹ̀, Alphonsus, wà nílé lọ́hùn-ún. Ẹlẹ́tí ikún ọkùnrin! Ó ní òun ò lè fi ọkọ̀ tí òun ń kàn lọ́wọ́ sílẹ̀ létíkun, kí òun wá lọ forí pamọ́ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Mo ṣí máàpù ìjì lórí fóònù mi. Àǹtí Ionie fi ìka ti ìjì náà sókè. Erékùṣù wa náà bá a lọ.

"Ó ti lọ," ló wí.

"Àǹtí, àwòrán lẹ sún. Ìjì ò kúrò níbi tó wà."

"Kí wá ni wọ́n ṣe é fún? Ìwòran lásán?"

Inú ń bí èmi náà sí máàpù ọ̀hún.

Nígbà tó di ọ̀sán, ihò dúdú àárín rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní ojú ìjì, bọ́ sórí Carriacou gan-an. Fóònù dún. Alphonsus ni.

"Ionie, ó ti parí. Ibi gbogbo pa rọ́rọ́. Òrùlé ti lọ, ṣùgbọ́n èmi ṣì wà. Jẹ́ kí n lọ wo ọkọ̀ mi."

Irú ìjì yìí ò jà lọ́dọ̀ wa rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí Alphonsus; kò mọ̀ pé ó máa ń pa rọ́rọ́ láàárín kó tó tún padà.

"Fonso, má jáde," Àǹtí Ionie ké sí i. "Àárín rẹ̀ lo wà. Mò ń wò ó báyìí, ìdajì tó kù ń bọ̀."

"Kí lo wí? Mi ò gbọ́..."

Ìlà já. A pè é títí, kò wọlé.

Àǹtí Ionie fi àtàǹpàkò tẹ ihò dúdú náà mọ́lẹ̀. "Jọ̀ọ́, dúró síbẹ̀. Má kúrò lórí ọkọ mi." Ìjì tí a ti ń lé láti àárọ̀, òun ló wá ń bẹ̀ pé kó jókòó. Nígbà tó gbọ́wọ́ kúrò, àwọsánmà funfun ìdajì ìjì tó kù ti bo abúlé wọn. Mo bú sẹ́kún.

Ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà ni wọ́n ti rí òkú rẹ̀. A sin ín, Àǹtí Ionie sì padà sídìí ewúrẹ́ rẹ̀. Kì í sọ̀rọ̀ ọjọ́ náà fún ẹnikẹ́ni. Èmi nìkan ló máa ń bi, tọ́wọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀:

"Ìwọ náà wà níbẹ̀. Ṣé o rò pé ó gbọ́ mi?"