Dáìsì Kò Gbọdọ̀ Wọ Ilé Opó

Ẹsẹ̀ ṣòkòtò ọmọ iléèwé kan ni mò ń gán lọ́wọ́ lọ́sàn-án Sátidé yẹn. Mo ti gán ọ̀kan tán, mo sì ń fi téèpù wọn èkejì kí méjèèjì lè dọ́gba, nígbà tí ọmọ mi obìnrin tó ń lọ sí Pólì dé pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì. Wọ́n kúnlẹ̀ kí mi. Lẹ́yìn náà ni ọmọ mi kó ìwé òfin eré mẹ́ta sórí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ, ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde lẹ́nu géètì iléèwé wọn, tí wọ́n sì fi rọ́bà dè.

Ó ní, "Mọ́mì, ẹ̀yin lẹ máa yan èyí tí a máa lò."

Ọkọ mi ti kú nígbà náà. Nínú ilé Mùsùlùmí bíi tiwa ní Ẹdẹ, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni opó fi ń jókòó sílé. Kì í jáde láìnídìí tó lágbára, kì í sì í ṣe ọ̀ṣọ́. Oṣù méjì ti lọ. Ó ku oṣù méjì àti ọjọ́ mẹ́wàá. Ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi wà ní títì, ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni wọ́n bá mi gbé wálé. Mo mọ̀ pé gíláàsì mẹ́rìnlélógún ló wà lójú fèrèsé yàrá mi, àti pé méjì nínú wọn ti sán.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, tí gbogbo ilé ń pè ní Àlájà, ti kó wá bá mi láti ọjọ́ ìsìnkú. Pàlọ̀ ló ń sùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn àbájáde. Kò sẹ́ni tó ń wọlé tí kì í kọ́kọ́ gba iwájú rẹ̀ kọjá. Kò fìyà jẹ mí. Ó máa ń bu oúnjẹ tèmi kó tó bu tirẹ̀. Ṣùgbọ́n òun ló ń sọ ìgbà tí mo lè ṣí fèrèsé, òun ló ń bá mi dá àlejò mi lóhùn, bí mo bá sì wúkọ́ ní yàrá, yóò béèrè láti pàlọ̀ pé kí ló dé.

Ọmọ mi ló mú eré náà wálé, nítorí ó rí i pé n kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹnì kan á máa sọ ìtàn, àwọn yòókù á mú èèyàn kọ̀ọ̀kan nínú ìtàn náà, wọ́n á sì máa sọ ohun tí ẹni náà ń ṣe. Bí nǹkan bá le, òfin inú ìwé ni yóò sọ bóyá ẹni náà rí i ṣe tàbí kò rí i ṣe. Èmi ni wọ́n fi ṣe ẹni tó ń sọ ìtàn.

Ìlú oríta kékeré kan ni mo dá sílẹ̀, ó jọ Sekona díẹ̀. Bí mọ́tò bá jáde nílùú náà lápá kan, yóò wọlé padà lápá kejì, awakọ̀ á sì máa kí àwọn èèyàn bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìrìn àjò dé. Aránṣọ ibẹ̀ ṣàkíyèsí pé gbogbo èèyàn ń fi íńṣì kan kúrú sí i ní Jímọ̀ kọ̀ọ̀kan, àmọ́ aṣọ wọn ṣì ń bá wọn mu. Téèpù rẹ̀ nìkan ló mọ̀. Ọmọ mi mú obìnrin tó ń ta búrẹ́dì. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mú ọlọ́pàá, èkejì mú olùkọ́. Wọ́n jọ ń wá ìdí ọ̀rọ̀ náà.

Láàárín aago méjì sí aago márùn-ún ọjọ́ Sátidé, n kì í ṣe opó ẹnikẹ́ni. Wákàtí mẹ́ta yẹn nìkan ni mo ní láàárín ọ̀sẹ̀.

Ní Sátidé tó ṣáájú, a fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù rẹ̀. Dáìsì méjì tí a yọ nínú lúdò là ń dà láti mọ ẹni tó rí i ṣe. Kó má bàa yí sábẹ́ ibùsùn, a ń dà á sínú abọ́ irin. Àṣìṣe wa nìyẹn. Ìró rẹ̀ dé pàlọ̀.

Àlájà ké láti ibẹ̀ pé, "Ta ló ń ta tẹ́tẹ́ nínú ilé ọ̀fọ̀?"

Ọmọ mi dáhùn pé, "Kì í ṣe tẹ́tẹ́, Àlájà. Ìtàn là ń sọ."

"Ìtàn wo ló ń dún gbàn-gbàn nínú abọ́?"

Ó wọlé, ó kó dáìsì méjèèjì, ó so wọ́n mọ́ etí ìborùn rẹ̀. Ó ní a lè máa sọ ìtàn, ṣùgbọ́n bí òun bá tún bá nǹkan tẹ́tẹ́ níbẹ̀, àwọn ọmọ náà kò ní jókòó sí yàrá mi mọ́ títí ìyàwó yóò fi jáde opó. Èmi ni ìyàwó. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti mọ́ mi lára láti máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn mọ́ mi.

Ìdí tí wọ́n fi kó ìwé mẹ́ta dé nìyẹn. Èyí àkọ́kọ́ ni èyí tí a ti ń lò. Òun ni mo fẹ́ràn jù, nítorí nọ́ńbà ló kún inú rẹ̀: bí ọlọ́pàá ṣe mọ ìwádìí ṣe tó, bí olùkọ́ ṣe láyà tó, gbogbo rẹ̀ ló ní iye. Ṣùgbọ́n kò ṣeé ṣe láìsí dáìsì.

Ọ̀rẹ́ ọmọ mi tó ń ṣe ọlọ́pàá ní, "Fóònù lè bá wa da dáìsì, Mọ́mì. Fóònù kì í dún nínú abọ́."

Mo ní, "Bí Àlájà bá bi mí, n kò ní parọ́."

Káàdì ni ìwé kejì ń lò. Ọmọ mi fúnra rẹ̀ tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Lójú Àlájà, àbúrò dáìsì ni káàdì. Bàbá kan náà ló bí wọn." Wọ́n fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín.

Ó wá ku ìkẹta. Kò ní dáìsì, kò ní káàdì, kò ní nọ́ńbà. Ìbéèrè ni gbogbo rẹ̀. Mo kà á láti ojú ìwé kìíní dé ìkejìlá nígbà tí wọ́n ń jẹ ẹ̀pà, ibi tí mo ti dúró kò sì tẹ́ mi lọ́rùn rárá. Ìwé náà ní ẹni tó ń sọ ìtàn kò gbọdọ̀ mọ ìdáhùn ṣáájú. Gbogbo wa la ó jọ máa wá a bí a ṣe ń lọ.

Èmi sì ti kọ ìdáhùn tèmi. Ó wà ní ẹ̀yìn ìwé tí mo fi ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà: ibi tí ọ̀nà àbájáde ìlú náà yóò ti là, ọjọ́ tó máa là, àti ẹni tó máa kọ́kọ́ jáde. Mo máa ń ṣí i wò láàárọ̀ kí n tó ṣe ohunkóhun.

Mo bi ọmọ mi pé, "Nínú eléyìí, ṣé ọ̀nà àbájáde wà?"

"A ò tíì mọ̀ ni, Mọ́mì. Ibẹ̀ ló ti dùn."

"Kò dùn."

"Ẹ jẹ́ ká dán an wò. Tí kò bá dáa, a ó kàn máa tàkúrọ̀sọ."

N kò fẹ́ tàkúrọ̀sọ. Oṣù méjì ni mo ti fi gbọ́ ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ará fẹ́ra kù. Mo ya ojú ìwé tí mo kọ ìdáhùn sí kúrò, mo ká a, mo tì í sábẹ́ ẹ̀rọ, mo sì ní kí a lo ìkẹta.

Ìwé náà ní kí a wá nǹkan kéékèèké tí a ó máa fi fún ara wa. Mo ṣí agolo bọ́tìnì mi, mo fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní márùn-ún márùn-ún. Ẹni tó bá gbà kí ìyọnu dé bá èèyàn tirẹ̀ yóò gba bọ́tìnì kan lọ́wọ́ mi. Ẹni tó bá fẹ́ ìdáhùn tòótọ́ sí ìbéèrè yóò san án fún mi.

Ó dùn ju bí mo ṣe rò lọ. Olùkọ́ dé kíláàsì, ó bá àwọn ọmọ tí kò mọ̀ rí tí wọ́n ń dáhùn orúkọ àwọn tó mọ̀. Obìnrin oníbúrẹ́dì gé búrẹ́dì, ó sì bá ọ̀nà kékeré kan nínú rẹ̀, ọ̀nà ọlọ́dà pẹ̀lú ìlà funfun láàárín. Kò sẹ́ni tó ti rò ó tẹ́lẹ̀. Ẹnu mi ló ti jáde, ẹ̀rù sì bà mí díẹ̀. Ọmọ mi ti bọ́tìnì méjì sọ́dọ̀ mi lẹ́ẹ̀kan náà láti béèrè ibi tí ọ̀nà náà lọ.

Àlájà ti dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá.

"Ìyàwó."

"Ẹ̀gbọ́n mi."

"Ta ló jẹ nínú yín?"

Mo wo tábìlì. Bọ́tìnì mẹ́sàn-án wà níwájú mi, ìyókù wà níwájú àwọn ọmọ, ọwọ́ ọmọ mi sì ṣì wà lórí èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ san. Kò sí ohun tó jọ tẹ́tẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ọmọ náà ń wo ilẹ̀. Ọ̀kan ti ń wá báàgì rẹ̀.

N kò tíì jiyàn pẹ̀lú Àlájà rí láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé wọn.

Mo ní, "Kò sẹ́ni tó ń jẹ, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹni tí ìyọnu bá ló ń gbà á, ẹni tó fẹ́ mọ òtítọ́ ló ń san án. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo kó jáde. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló máa padà sínú agolo."

Ó wọlé, ó sì kà wọ́n. Ó tún wọn kà. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni.

Ó ní, "Kò sẹ́ni tó ń jẹ, ẹ wá jókòó tì í láti aago méjì?"

Ọmọ mi sọ fún un nípa ìlú náà, mọ́tò tó ń jáde tó tún ń padà wọlé, àti ọ̀nà inú búrẹ́dì. Àlájà gbọ́ ọ tán. Ó bọ́ sálúbàtà rẹ̀, ó fa àpótí ìjókòó kan, ó sì jókòó sáàárín èmi àti ilẹ̀kùn.

"Ta ni baálẹ̀ ibẹ̀?"

Ọlọ́pàá wa ní, "Kò tíì ní baálẹ̀, mà."

"Ẹ ò wá rí i pé ohun tó ń ṣe wọ́n nìyẹn?"

Ó fa agolo sọ́dọ̀, ó ṣa bọ́tìnì márùn-ún jáde, àwọn ńlá tí mo tọ́jú fún rírán aṣọ kóòtù. Ó tò wọ́n síwájú ara rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo mọ̀ pé àwọn ọmọ náà yóò padà wá ní Sátidé tó ń bọ̀. N kò le sọ bóyá inú mi dùn.

Ó ní, "Ẹ fi mí ṣe baálẹ̀ ibẹ̀, ìyàwó. Kò sẹ́ni tó máa gba ọ̀nà inú búrẹ́dì yẹn lọ láìsọ fún mi."