Àwọn Ife Tí Verdell Kó Dànù

Kò sí ohùn tó dà bíi ti Verdell Mungin ní gbogbo erékùṣù wa ní Gúúsù Kàròláínà. Tó bá pe ọmọ rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà, àwọn apẹja ojú agbami ló ń dáhùn. Èmi fúnra mi rí ọkọ̀ apẹja tó yí orí padà wá sílé nítorí ìpè rẹ̀. Àmọ́ ní Ọjọ́bọ̀ kejì oṣù Èrèlé, nígbà tó kan án láti sọ̀rọ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ohùn náà sá pamọ́ sí i nínú.

Gbogbo Ọjọ́bọ̀ oṣù náà ni kọ́lẹ́ẹ̀jì ń pe àgbàlagbà kan láti wá sọ ìtàn àwa aláwọ̀ dúdú erékùṣù yìí. Àwọ̀n híhun ni wọ́n fi ṣíde. Itẹ́ òkú àtijọ́ ni wọ́n ní kí Verdell sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni wọ́n gbé e lọ sí Níú Yọ́ọ̀kì, ó sì ti lé lọ́gbọ̀n ọdún kó tó padà wálé. Ó rí ife fífọ́, àwo fífọ́ àti aago tó ti kú lórí àwọn sàréè, ó ní ìdọ̀tí ni. Ó fi àpò méjì kó wọn, ó dà wọ́n sí etí irà. Lọ́jọ́ kejì ni àǹtí rẹ̀ ṣàlàyé fún un pé ohun tí olóògbé lò kẹ́yìn ni, pé ńṣe ni wọ́n ń fọ́ ọ kí ikú má baà padà wá mú ará ilé mìíràn. Verdell kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun ló kó wọn, kò sì wọ itẹ́ òkú náà mọ́ fún ọdún mẹ́rìnlélógójì. Bí wọ́n bá ń sìnkú, ìta ló ń dúró sí.

Dìákónì Ulmer Chaplin, tí ife bàbá rẹ̀ wà nínú ohun tó kó dànù, ló sì jókòó síwájú pátápátá yìí, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún, tó gbé àgbọ̀n lé ọ̀pá.

Verdell sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa àwọn ife orí sàréè. Akẹ́kọ̀ọ́ kan wá bi í pé, "Mà, àwọn ife yẹn ṣì wà níbẹ̀?"

Irọ́ ti dé ẹnu rẹ̀, ó gbé e mì. Ó ní, "Mo ti kó wọn dànù. Ìdọ̀tí ni mo pè wọ́n. Dìákónì, ti bàbá yín wà níbẹ̀. Ẹ forí jì mí."

Ulmer gbé àgbọ̀n kúrò lórí ọ̀pá.

"Verdell, ta lò ń sọ fún? Èmi àti màmá mi wà lẹ́yìn igi óòkù lọ́jọ́ yẹn. À ń wò ọ́ bó o ṣe ń wọ́ àpò, tó ò ń mí hẹlẹ-hẹlẹ bí ewúrẹ́ tó fẹ́ bímọ. Bó o ṣe kẹ̀yìn la kó gbogbo ẹ̀ padà síbi tó wà."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Títí kan aago."

Verdell wá àga, ó jókòó. Ó dà bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù igi kalẹ̀ fún.

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi látọjọ́ yìí, Dìákónì?"

"Màmá mi ní kí n má dójú tì ọ́, pé ọmọ tó dàgbà sájò ò mọ àṣà ilé. Lẹ́yìn náà lo wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé páì ọ̀dùnkún wá fún mi ní gbogbo Kérésì. Ṣé kí n wá fi ẹnu ara mi dá a dúró ni?"

Ẹ̀rín gba gbọ̀ngàn kan. Verdell rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú rẹ̀, ó wá dìde, ó di apá bàbá náà mú.

"Ẹ dìde, arẹ́nijẹ. Ẹ mú mi wọ itẹ́ òkú náà kílẹ̀ tó ṣú."

"Páì tọdún yìí ńkọ́?"

"Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ débẹ̀ ná."