Èmi àti Ráfíù dọ̀bálẹ̀ fúnra wa ní gáà Pobè

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ bá wa dá ẹjọ́ yìí kí ọbẹ̀ tó tutù!

Ó ti pẹ́ tí èmi àti Ráfíù, ọmọ oníṣòwò ará Sakété tó ń gbé ní Dàkáà, ti ń kọ̀wé síra wa. A ò rí ara wa rí. Mo ń pè é ní ẹ̀gbọ́n nítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́n. Òun náà ń pè mí bẹ́ẹ̀.

Lónìí, ó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní gáà, ìyẹn ibùdókọ̀ ojú irin Pobè. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Nígbà tí mo gbójú sókè, òun náà wà nílẹ̀!

"Ẹ dìde, ẹ̀gbọ́n."

"Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dìde."

"N ò ní dìde!"

Ìyá kan tó ń kọjá ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, kí ló bọ́ lọ́wọ́ yín tí ẹ jọ ń wá nílẹ̀?"

Ẹ̀rín ló gbé wa dìde.

A dé ilé wa ní Ahoyéyé, ìyá mi bi wá ní ọjọ́ orí. Ọdún kan náà ni wọ́n bí wa! Oúnjẹ ti dé báyìí. Àgbà ló sì ń kọ́kọ́ mú ẹran.

Ta ni kó mú un? Ẹ tètè fèsì. Èmi lè fi ebi sùn, ṣùgbọ́n ebi ò gbọdọ̀ pa ọ̀rẹ́ mi.