Òdòdó Wọ̀rọ̀wọ́ Miriam

Ẹ sún mọ́bí, ẹ̀yin ọmọ. Ìtàn tòní kò ní ìjàpá nínú. Ewé ló wà níbẹ̀, àti ọmọ tí àárò ìyá rẹ̀ ń sọ.

Fẹ̀hìntọlá ni mò ń wí, ọmọ Miriam, aya àbúrò mi. Àwòrán ewé yíyà ló fi ń jẹun ní Kabba níbí. Àwọn tó ń ṣe ìwé nípa igi àti koríko ní ń bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Á ki ẹ̀ka bọ omi, á fi awò wo iṣan ara ewé kó tó gbé pẹ́ńsù. Bí kòkòrò bá dá ihò sí i, á ya ihò náà.

Mo ní, "Ṣé fóònù ò lè yà á ni?"

Ó ní, "Iye àgbà, fóònù ò ní sùúrù." Iye là ń pe ìyá níbí.

Miriam ti kú. Nígbà tó ń ti Ponyan, ìlú rẹ̀, bọ̀ wá sílé ọkọ, ó mú wọ̀rọ̀wọ́ dání, ó gbìn ín sídìí orógbó ẹ̀yìnkùlé, ẹ̀fọ́ náà sì gun igi lọ. A kì í jẹ́ kí wọ̀rọ̀wọ́ yọ òdòdó níbí. Bí orí rẹ̀ bá ti rú, obìnrin ilé á ká a, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọn á ní ọ̀lẹ ni. Fẹ̀hìntọlá ò rí òdòdó yẹn rí. Nígbà tó wà ní kékeré, ó bi ìyá rẹ̀ bó ṣe rí. Miriam ní, "Ọjọ́ tí n ò bá lè sebẹ̀ mọ́, wàá rí i."

Àṣé bẹ́ẹ̀ ni.

Àwọn oníwèé wá ní kó ya wọ̀rọ̀wọ́ tòun tòdòdó. Wọ́n ní èyí tó wà lóko kòkó ní Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀ ti yọ tirẹ̀. Ó kọ̀, ti ìyá rẹ̀ ló fẹ́. Ó kìlọ̀ fún gbogbo ilé kí wọ́n má ká a mọ́.

Ọyẹ́ dé, ọmọ òdòdó yọ, ó dì bí ẹ̀ṣẹ́ ìkókó. Àràárọ̀ ló ń jókòó tì í.

Ó lọ síbi òkú kan ní Iyara. Ìgbà tó dé, Adétutù, ìyálé Miriam, dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú abọ́. Oko ló wà nígbà ìkìlọ̀ yẹn, àárọ̀ ọjọ́ náà ló dé, kò gbọ́ nǹkan kan.

Ó kí i bí a ṣe ń kíni níbí: "Òkun o, ọmọ mi! Mo gba Miriam lọ́wọ́ ìtìjú lónìí! Ẹ̀fọ́ rẹ̀ ti fẹ́ yọ òdòdó. Mo ti ká gbogbo rẹ̀, mo ti fi ẹ̀gúsí sè é. Àwòrán kì í wọ ìkòkò. Jẹun!"

Fẹ̀hìntọlá wo ẹ̀yìnkùlé. Ó wò mí. Mo rò pé á lọgun. Ó jókòó, ó fi iyán kan ọbẹ̀. Ó tọ́ ọ wò.

Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Ọwọ́ Iye mi rèé."

"Ọwọ́ ta ni?" Adétutù fara ya. "Èmi ni mo kọ́ ìyá rẹ lọ́bẹ̀ sísè! Ìyàwó Ponyan tí ò mọ iyọ̀!"

Fẹ̀hìntọlá ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín.

Lówùúrọ̀ ó gbé àpótí lọ sídìí orógbó, ó ya wọ̀rọ̀wọ́ náà pẹ̀lú orí rẹ̀ tí a já, títí kan oje tó gbẹ sójú ibẹ̀.

"Òdòdó ńkọ́?" ni mo bi í.

"Bí Iye mi ṣe máa ń fi í sílẹ̀ nìyí."

Ti Ayétòrò ló yà fún oníwèé. Àwòrán ti ìyá rẹ̀ yìí wà lára ògiri yàrá rẹ̀.

Ọyẹ́ tún ń bọ̀. Fẹ̀hìntọlá ti gbé àpótí síta, ó ń wo orí wọ̀rọ̀wọ́ lókè. Adétutù, tí ìkìlọ̀ ti wá dé etí rẹ̀, mú ọ̀pá dání, ó ń lé ewúrẹ́ àti gbogbo wa kúrò níbẹ̀.