Aṣọ Pupa Lẹ́nu Ọ̀nà Oko Ìyá Bósẹ̀

Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ọjọ́ Ẹtì ni mo dé gáréèjì Igbókòdá, inú sì ti ń bí mi kí ọkọ̀ tó gbéra. Awakọ̀ wo kẹ̀kẹ́ mi tòkè tilẹ̀, ó ní owó èèyàn kan ni yóò san.

Mo ní, "Orí ọkọ̀ ni yóò wà. Kò ní jókòó, kò ní sọ pé òun fẹ́ tọ̀ lọ́nà."

Ó ní, "Ìyá, ẹni tí kò bá lè sanwó kẹ̀kẹ́, kó máa gùn ún lọ."

Ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà ni mo san dé Àkúrẹ́, kẹ̀kẹ́ náà san ẹgbẹ̀rún márùn-ún tirẹ̀. Ẹ̀yin ará ilé tí ẹ máa ń bi mí pé kí ni obìnrin tó ti bímọ mẹ́ta ń wá lórí kẹ̀kẹ́, mo ní èmi náà bi ara mi léèrè láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.

Ẹ ṣáà mọ̀ mí. Tíṣà ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ni mí. Ní Sátidé, èmi àti àwọn mẹ́fà kan máa ń kó kẹ̀kẹ́ sínú ọkọ̀ ojú omi lọ sí etí òkun, a ó máa gùn ún níbi tí omi ti fà sẹ́yìn tí iyanrìn ti le. Ẹgbẹ́ agun-kẹ̀kẹ́ kan ní Ọ̀wọ̀ gbọ́ nípa wa, wọ́n ní kí á wá bá àwọn gun òkè àti inú igbó, láti Ọ̀wọ̀ gba ẹ̀yìn Ìsùàdà títí dé Ìfọ́n. Èmi nìkan ni mo ráyè lọ.

Ọ̀nà kò dára. Láti Òkìtìpupa dé Ọ̀rẹ̀, kòtò ni awakọ̀ ń yàn bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà. Ní Ọ̀rẹ̀ mo ra bọ̀ọ̀lì kan ní ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà, kò sì ju ìka mi méjì lọ. Láti Àkúrẹ́ sí Ọ̀wọ̀, mo wọ ọkọ̀ mìíràn, kẹ̀kẹ́ tún san tirẹ̀. A kọjá ní Ùsò, mo sì rí òkìtì igi ìdáná lẹ́bàá ọ̀nà, kò sí ẹnikẹ́ni nítòsí rẹ̀, àfi ìkarahun ìgbín àti àkísà tí wọ́n so mọ́ ọn. Ààlè ni. Ẹni tó ni igi ti bá tirẹ̀ lọ, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀, nítorí ẹni tó bá fọwọ́ kan nǹkan tí wọ́n lé ààlè sí mọ ohun tó ń fọwọ́ fà. Lọ́dọ̀ wa létí omi, a máa ń ní kí ọmọ kan ṣọ́ ẹja.

Nígbà tí mo sọ̀ ní Ọ̀wọ̀, mo ní kẹ̀kẹ́ ni mo wá gùn. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ mẹ́ta, àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta gbé èrò, sáré sí mi pé níbo ni mo ń lọ, àwọn ò ní gba owó púpọ̀. Ọ̀gá Dàpọ̀ ló wá gbà mí lọ́wọ́ wọn. Òun ni olórí ẹgbẹ́ náà, ọmọ bíbí Ọ̀wọ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba ní Àkúrẹ́, ọkùnrin tó lè sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan láìmí.

Ọ̀rọ̀ kan kò kúrò lẹ́nu rẹ̀: tíréèlì. Tíréèlì wa báyìí, tíréèlì wa bẹ́ẹ̀ yẹn. Mo kọ́kọ́ rò pé tírélà ni, pé wọ́n fẹ́ fi ọkọ̀ ńlá kó wa. Ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ gbé iyán fún mi (iyán Ọ̀wọ̀ funfun, ó fà, kì í ṣe bíi púpùrú ẹ̀gẹ́ wa tó ń mú òórùn èéfín) ni mo tó lóye rẹ̀. Ọ̀nà tóóró inú igbó ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà oko ni, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀nà tí àwọn ìyá àti bàbá ti fi ẹsẹ̀ là kí wọ́n tó bí Dàpọ̀.

"Èmi ni mo la tíréèlì náà," ó wí. "Mo ti fi aṣọ pupa sàmì sí i láti ọjọ́ mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Béèyàn fọ́jú, kò lè ṣìnà."

Mo gbọ́ ọ. Mo sì ń jẹ iyán mi lọ. Ohun tó ń bí mi nínú sí ara mi nìyẹn, nítorí mo ti rí ààlè ní Ùsò lọ́jọ́ yẹn gan-an, n kò sì ronú kàn án.

Aago méje àárọ̀ Sátidé la gbéra, a tó ọgbọ̀n, gbogbo wa dé hẹ́límẹ́ẹ̀tì. N kò ní purọ́ fún yín, ó dùn. Ní etí òkun, iyanrìn ló máa ń fa táyà sẹ́yìn. Níhìn-ín, ilẹ̀ pupa ni, gbòǹgbò kòkó sì ń ta èèyàn sókè. Níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan, mo kígbe bí ọmọdé. Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń lọ ni àwọn tó ń lọ sóko ń yà sínú koríko fún wa. Obìnrin kan ru igbá ẹ̀gẹ́, ó ń gbọ̀n lábẹ́ rẹ̀, òun ló yà fún èmi tí n kò ru nǹkan kan. Lórí afárá pákó lọ́dọ̀ wa, ẹni tó rẹrù ló ni ọ̀nà, ọba ìbáà máa bọ̀. Ojú tì mí, mo sì ń gun kẹ̀kẹ́ mi lọ.

Lẹ́yìn Ìsùàdà ni ṣéènì mi yọ. Àwọn yòókù kọjá lọ. Ibi tí mo dúró sí, ọ̀nà kékeré kan yà sí ọwọ́ ọ̀tún, aṣọ pupa méjì wà lórí igi méjì lẹ́nu rẹ̀, ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún. Ìyá àgbà kan jókòó sórí agbọ̀n tí ó dojú dé, ó kọjú sí wọn.

"Ẹ kú ìjókòó, Màmá."

"Ẹ kú ìrìn o. Ọghọ́ rẹ ti dúdú," ó wí.

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. "Ọghọ́" ni ìyá mi náà ń pe ọwọ́. Nígbà tó gbọ́ pé ọmọ Ìlàjẹ ni mí, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì béèrè bóyá ẹ̀rù kò ba àwa oníkẹ̀kẹ́ láti kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó wà lórí igi wọ̀nyẹn.

Ìyá Bósẹ̀ ni orúkọ rẹ̀. Oko rẹ̀ ló wà lẹ́yìn aṣọ náà, ata rodo àti ilá. Ọkọ rẹ̀ kú ní àsìkò òjò tó kọjá, àbúrò ọkọ rẹ̀, Bàbá Kọ́lá, sì ti béèrè lẹ́ẹ̀kan pé báwo ni wọn yóò ṣe ṣe ilẹ̀ náà. Lọ́jọ́ kẹsàn-án sẹ́yìn ni Ìyá Bósẹ̀ wá sóko, tó bá aṣọ pupa lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

"Mo ní ó ti parí nìyẹn. Wọ́n ti lé ààlè sí oko mi. Mo yí padà, mo lọ bá Bàbá Kọ́lá lójúde rẹ̀, mo sọ ọ́ sí i lójú níwájú àwọn ọmọ rẹ̀ pé ó ń lé opó lóko. Ó búra pé kì í ṣe òun. Ta ni ì bá tún jẹ́? A ò kí ara wa mọ́. Ata ti pọ́n, ọjà méjì ti kọjá, n kò wọlé. Ọmọ mi ní kí n máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun ní Benin. Mo ti di ẹrù. Mo ní kí n wá wo oko yìí ni, kí n tó lọ sọ fún àwọn ẹbí ọkọ mi lọ́sàn-án yìí pé mo ti yọ̀ǹda ilẹ̀ fún wọn."

Orí mi gbóná. Mo na ọwọ́ sí aṣọ náà láti já a. Ìyá kígbe, ó dìde dúró.

"Má fọwọ́ kàn án! Ẹni tó so ó ni yóò tú u."

Mo bá sọ fún un. Mo ní kì í ṣe ààlè, àwa agun-kẹ̀kẹ́ la fi sàmì kí a má baà ṣìnà yà sí oko rẹ̀. Ó wò mí, ó wo kẹ̀kẹ́.

"Kẹ̀kẹ́ ò mọ̀nà ni?" ó wí. Lẹ́yìn náà ló bọ́ gèlè rẹ̀, ó fi nu ojú. "Bí òótọ́ bá ni, kí ẹni tó so ó wá fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́."

Mo ní kó má lọ sí ibì kankan. Mo tún ṣéènì ṣe, mo sì gun kẹ̀kẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń lé.

Wọ́n ti dúró mumi níwájú, wọ́n ń ya fọ́tò. Mo ro ẹjọ́ fún Dàpọ̀. Ó gbọ́ tán, ó ní, "Tíṣà, ìgbàgbọ́ asán nìyẹn. Onígbàgbọ́ ni mí. Mo kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ kí n tó so nǹkan kan."

"Ṣé lẹ́tà náà dé ọwọ́ Ìyá Bósẹ̀?"

"Ẹ jẹ́ kí a parí ná. Àwọn àlejò pàtàkì ń dúró dè wá ní Ìfọ́n. Tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, mo máa lọ rí Màmá."

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀! Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni o, kì í ṣe àlejò bíi tèmi. Ìyókù aṣọ pupa náà wà lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Mo fà á ya, mo ṣa ìkarahun ìgbín kan nílẹ̀, mo so méjèèjì pọ̀ mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀, mo ta kókó mẹ́ta lé e.

"Tíṣà, kí lẹ̀ ń ṣe? Ẹ tú u."

"Ìgbàgbọ́ asán ni. Tú u fúnra rẹ, kí a máa lọ sí Ìfọ́n."

Ó na ọwọ́. Ọwọ́ náà dé ìdajì ọ̀nà, ó sì padà sápò. Ó tún na ìkejì, kò dé ibi tí ti àkọ́kọ́ dé. Ẹnìkan lẹ́yìn bú sẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín, inú ń bí mi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ni, owó rẹ̀ ló fi rà á, ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni kò lè fọwọ́ kàn án. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ti ìyá yẹn.

Mo ní, "Ẹni tó so ó ni yóò tú u. Bí o bá tú tìrẹ, màá tú tèmi."

Ó fi ẹsẹ̀ rìn padà pẹ̀lú mi, àwọn yòókù sì ń bá tiwọn lọ. Lẹ́nu oko, ó tú aṣọ méjèèjì. Ìyá ní kó sọ̀rọ̀. Ó fi èdè Ọ̀wọ̀ sọ pé òun ló so ó, pé òun kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, pé Ìyá Bósẹ̀ ló ni oko. Ohùn rẹ̀ kéré. Ìyá kò dúpẹ́, kò sì bú u. Ó gbé agbọ̀n, ó wọlé, a tẹ̀ lé e. Ìdajì ata náà ti rà sórí igi, òmíràn ti já bọ́ sílẹ̀. A bá a ká èyí tó kù, agbọ̀n kò kún.

Dàpọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. Ìyá ní, "Kì í ṣe èmi lo máa kọ́kọ́ bẹ̀. Ẹ ká lọ."

Ilé Bàbá Kọ́lá ló mú wa lọ ní Ìsùàdà. Ọkùnrin náà jókòó, ó ń pọ́n àdá. Kí a tó la ẹnu, ìyá àgbà yìí ti kúnlẹ̀ níwájú àbúrò ọkọ rẹ̀, ó ń pè é ní ọkọ mi, ó ń ní kó dárí ji òun. Ẹ̀yin ará ilé, ibẹ̀ ni ó ti dùn mí jù. Àwa la ṣẹ̀, ẹni tí a ṣẹ̀ ló wà lórí ìkúnlẹ̀. Dàpọ̀ dúró tòun ti hẹ́límẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bí òpó. Mo ní, "Ẹni bímọ ọ̀ràn ní í pọ̀n ọ́n. Dọ̀bálẹ̀ níbẹ̀ yẹn!" Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, pẹ̀lú ṣòkòtò rẹ̀ tó fún mọ́ra, èmi náà sì kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá.

Dàpọ̀ ro ẹjọ́ ara rẹ̀, Bàbá Kọ́lá gbọ́ ọ tán. Ó fọwọ́ mú ìyá dìde.

"Ìyàwó wa, ẹ dìde. Ẹ má lọ sí Benin kankan. Mo ti gbọ́," ó wí. Ó tún gbé àdá rẹ̀. "Àmọ́ ẹ gbà pé mo lè ṣe é."

Ó sọ ọ́ tán, kò wo ojú Ìyá Bósẹ̀ mọ́, ó ń pọ́n àdá lọ.

Mo padà lọ tú aṣọ pupa kúrò lára kẹ̀kẹ́ Dàpọ̀ bí mo ti ṣèlérí, mo sì padà wálé ní ọjọ́ Àìkú. Ohun tí ìrìn náà kọ́ mi kò ṣòro: igbó tí o rò pé kò lẹ́ni tó ni ín, ẹnìkan ò fojú kan oorun nítorí rẹ̀. Béèrè kí o tó gùn ún. Bí a bá tún fẹ́ gun etí òkun, màá kọ́kọ́ lọ bá àwọn tó ń sá àwọ̀n síbẹ̀.

Bí mo ti ń sọ̀ kẹ̀kẹ́ kalẹ̀ ní Igbókòdá ni fóònù mi dún. Ẹgbẹ́ ti fi orúkọ gbogbo wa ránṣẹ́ àti wákàtí tí oníkálukú dé Ìfọ́n. Orúkọ mi ló gbẹ̀yìn, wọ́n sì kọ ọ́ síwájú rẹ̀ pé: "Kò parí."

Ọkọ mi kà á, ó ní kí n pè wọ́n kí wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ fún aráyé. Mo ní kó fi í sílẹ̀. Mo rántí ojú Bàbá Kọ́lá. Òótọ́ ni wọ́n kọ.