Gaàrí Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́dúnrìn

Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́dúnrìn, ọmọ Ìjẹ̀bú-Imusin, fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ́ nípa àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Ẹ má ṣì mí gbọ́ o, kò kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbà á. Bí àwọn oníṣòwò ṣe ń fi í gbé ẹrù kọjá ẹnubodè, àti ohun tí òfin òwò àgbáyé wí sí i, ni ó fi di ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó kọ́ ọ débi pé ó kọ ìwé tó nípọn bíi búlọ́ọ̀kù. Ó ní nínú rẹ̀ pé ohunkóhun tí a bá gbé fún ẹni tí yóò dá wa lẹ́jọ́, àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ni, ìbáà ṣe omi tútù.

Ìyá akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kan ru iṣu wá láti Odogbolu lọ́jọ́ kan, láti kí i. Ẹnu géètì ni ọkùnrin yìí ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ìyá arúgbó ní òfin. “Ẹ rù ú padà, Mà! Ṣé ẹ fẹ́ bà mí lórúkọ jẹ́ ni?” Ìyá ru iṣu rẹ̀ padà nínú oòrùn, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Yunifásítì rẹ̀ wá dá ibùdó ẹ̀kọ́ òfin òwò sílẹ̀, wọ́n ń wá olùdarí. Bọ́dúnrìn fẹ́ ipò náà débi pé oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ mọ́. Ó sáré lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, ó ra ojúlówó gaàrí Ìjẹ̀bú, èyí tó kan dáadáa, ó sì fi àpò kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sí ilé àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ tí yóò yan olùdarí.

Edith, ìyàwó rẹ̀, ní, “Dádì, ṣé èyí kọ́ ni ẹ bá wí nínú ìwé yín?”

“Gaàrí kẹ̀? Àṣà ni! Ọmọ Ìjẹ̀bú wo ló ń kí èèyàn lọ́wọ́ òfo?”

Kò purọ́, ó dá a lójú bẹ́ẹ̀. Tẹlòmíràn ni àbẹ̀tẹ́lẹ̀, tiwa ni àṣà.

Lọ́jọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébùsọ́lá, obìnrin Ìjẹ̀bú tó jẹ́ alága, na ìwé Bọ́dúnrìn sí i, ó ní kó ka ojú ewé kan sókè. Ó kà á tìlù tìfọn. Ìgbà tó dé ibi “omi tútù” ló gbójú sókè, ló bá rí àwọn àpò gaàrí rẹ̀ tí wọ́n ti kó wá sábẹ́ fèrèsé.

“Omi lẹ kọ síbẹ̀,” ni alága wí. “Gaàrí ńkọ́?”

“Àṣà wa ni, Mà.”

“Ọmọ Ìjẹ̀bú lèmi náà. Látọjọ́ tí a ti jọ wà lọ́gbà yìí, ẹ ò bu ẹ̀kúnwọ́ kan fún mi rí.”

Ẹlòmíràn ni wọ́n fún níṣẹ́. Wọ́n ní kí Bọ́dúnrìn kó gaàrí rẹ̀ padà. Tòun ti kóòtù lọ́rùn ló ń ru àpò lọ síbi ọkọ̀ nínú oòrùn, lójú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, ìtìjú bò ó. Àpò tó kẹ́yìn ló mú un rántí ìyá oníṣu. Ó fẹ́ rántí orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò bèèrè rẹ̀ lọ́jọ́ náà.